Èyí Tí Kò Béèrè Òpó

Ogójì ọdún ni Tuovi fi tún aago ṣe nílùú Oulu.
Ẹ̀mú aago náà ló fi ń yọ
akọ inú òdòdó tòmátì báyìí,
kó tó gbọn lẹ́búlẹ́bú ti òmíràn sí i lórí.
Ó so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn
bí ẹni sàmì sí ọmọ tuntun.

Ìyá kúrú, ó ki, kò ga ju ife tíì lọ;
bàbá ń fà kiri, ó ń wá ilẹ̀ bí ejò.
"Kí lo fẹ́ kí wọ́n bí?"
"Èyí tí yóò sọ̀ kalẹ̀ lójú fèrèsé mi,
tí kò ní béèrè òpó."

Ọdún kìíní, gbogbo wọn ga gàgàrà
bí ẹni ń fi wá ṣẹ̀sín.
Ọdún kejì, ọgọ́ta irúgbìn hù:
mọ́kàndínlọ́gọ́ta lọ sórí ààtàn.
Ọ̀kan ṣoṣo ló tẹríba,
ewé rẹ̀ ká kò bí etí ajá,
ó wọ́ sílẹ̀ láti etí ìkòkò
bí irun tí a kò tíì dì.

Ìrì dídì dé kó tó pọ́n.
Tuovi já èso mẹ́ta ní tútù,
ó fi ìwé ìròyìn wé wọn,
ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó ń sùn lé wọn lórí bí adìyẹ.