Kẹ̀kẹ́ Heslop

Èmi ni mo yọ igi ìdènà lẹ́nu táyà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn,
èmi ni mo na àtàǹpàkò sí wọn nínú ìrì.
Oṣù Kejì ni. Òtútù Lincolnshire ń bó ètè ẹni bí èèpo ọ̀dùnkún.
Oko bíìtì ló yí pápá ọkọ̀ òfurufú wa ká,
àwọn àgbẹ̀ ti sùn.

Ẹ́ńjìnnì kẹta ń wúkọ́. Mo sọ fún Aldous pé ó ń wúkọ́.
Ó ní, "Tasker, ikọ́ kọ́ ló pa baba mi àgbà,
ọtí ni." Ó bú sẹ́rìn-ín.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ọ̀gá ọkọ̀,
irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì mọ ibi tó yẹ kó hù sí.

Àwọn méje ló wọ inú ikùn irin náà.
Pritchard, ọmọ Wales, ló gòkè kẹ́yìn,
ẹni tí ń jókòó sídìí ìbọn ní ìrù ọkọ̀,
tó ń fẹ̀yìn rìn lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ń lọ:
ibi tó ti kúrò nìkan ló ń rí.
Ó tọ̀ sára táyà kó tó gòkè, bí ìṣe rẹ̀.
A ò bá a wí. Oníkálukú ló ní oògùn tirẹ̀.

Heslop sì gbé kẹ̀kẹ́ ti ara ahéré irinṣẹ́ mi.
"Bá mi wo ṣéènì rẹ̀, ó ń yọ. Lọ́la ni n ó san ṣílè méjì rẹ."
Lọ́la.

Mẹ́rìndínlógún ló gbéra.
Ilẹ̀ mì, tíì mì nínú kọ́ọ̀bù,
lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ wọlé,
ó jókòó sáàárín wa bí ẹni tí a jẹ lówó.

Mi ò ní purọ́: ẹrù tí wọ́n gbé lọ kì í ṣe búrẹ́dì.
Ojú mi ni wọ́n ṣe so ó mọ́ ọkọ̀ nínú.
Lókè òkun lọ́hùn-ún, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀,
obìnrin kan náà ń ka àwọn ọmọ tirẹ̀ lóru yẹn,
bóyá wọn ò pé.

Enid Garbutt gun àpótí níwájú pátákó dúdú,
ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́,
ó ń kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan balẹ̀.
Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin ku mẹ́jọ.
Etí ni mo fi ń ka tèmi,
torí ìyá ọmọ a máa mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn.
Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá, ìyẹ́ rẹ̀ ya bí àkísà.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo dúró de ikọ́.

Wọ́n ti din ẹyin méje sílẹ̀ nílé oúnjẹ,
nígbà tí ẹyin wọ́n, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti ojú ọ̀run ogun bọ̀ nìkan ló ń jẹ ẹ́.
Ọ̀rá dì lé wọn lórí.
Enid ò pa orúkọ wọn rẹ́, kò sì kọ nǹkan kan síwájú rẹ̀.
Àwọn kan ń sọ pé bóyá wọ́n balẹ̀ síbòmíràn.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo rọ epo sínú rẹ̀, mo mọ iye jálá.
Nígbà tó di aago méje àárọ̀,
ibi yòówù kí wọ́n wà, epo ti tán.

Lẹ́tà tó lọ bá ìyá Pritchard kò ní ó kú.
Ó ní a ò rí i.
Àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ;
obìnrin yẹn ò rí èyí tó yá gbà.

Àwọn tí ń kó ẹrù wá lọ́sàn-án,
wọ́n kó abẹ ìfárùngbọ̀n, wọ́n kó fọ́tò, ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní ìkejì.
Wọn ò béèrè kẹ̀kẹ́.
Mo tún ṣéènì náà ṣe, mo fi òróró sí i,
mo gbé e padà síbi tó gbé e sí gẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn méje mìíràn dé, bàtà wọn ṣì ń dán.
Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kan agogo rẹ̀, ó dún.
"Ta ló ni ín?"
Mo ní, "Fi í sílẹ̀.
Ẹni tó ni ín jẹ mí ní ṣílè méjì."