Fọ́ọ̀mù Tí Orúkọ Ìyàwó Mi Ṣíwájú

Edmundston, òpin oṣù kejì.
Yìnyín ti bo mọ́tò wa dé gíláàsì, a ò jáde.
Fọ́ọ̀mù la tẹ́ sórí tábìlì ilé ìdáná,
mo fi agolo mílíìkì tẹ etí rẹ̀ kan kó má ká.

Kòlótíìdì ló mú bírò.
Ọmọ Kétu ni, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé;
èmi, ọmọ Ìmẹ̀kọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi nà mí.
Ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ sí ti bàbá mi ò ju ohun tí ọ̀kadà ń rìn
kí oòrùn tó mú.
Ọmọ ìyá kan la jẹ́ nínú oríkì,
kí òyìnbó méjì tó fa okùn sáàárín oko,
tí iṣu ò mọ ìhà tó yẹ kí òun ta sí mọ́.

Nílé, èébú ni kí wọ́n pe èèyàn ní ẹlẹ́nu méjì.
Níbí, máàkì ni wọ́n fi ń fún un.

A lè kọjá sí Kebẹ́ẹ̀kì, kò jìnnà,
ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ọ yàtọ̀,
a ó tún gbogbo ìwé kọ látìbẹ̀rẹ̀.
A lè dúró síbí, bí ọ̀gá ilé àwọn arúgbó
tí Kòlótíìdì ń wẹ̀ fún láàárọ̀
bá fọwọ́ síwèé pé òun ò rí ẹlòmíì.
Tàbí ká máa retí kí ìjọba àpapọ̀ ṣa àwọn tó gbọ́ Faransé
bí ẹni ń ṣa àgbàdo irúgbìn.
Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Brampton: "Ẹ padà, jàre,
Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ra ata níbí."
Ó gbàgbé pé owó yàrá ibẹ̀ ló lé wa.
Àti pé oṣù kẹjọ ni ìwé iṣẹ́ wa ń kú.

Mo ṣe ìdánwò náà ní Moncton.
Obìnrin kan bi mí nínú ẹ̀rọ etí pé kí ni mo rí lójú fèrèsé.
Mo rí ẹyẹ, mo rí ọ̀pá iná,
mo rí ọkùnrin tó dúró ti ajá rẹ̀ bí ẹni dúró ti gbèsè.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá sẹ́nu mi: nẹ́ẹ̀jì.
Mo sọ ọ́. Ó dákẹ́. Mo tún un sọ.
Iye máàkì tí mo gbà, n ò sọ ọ́ fún ìyá mi.

Kòlótíìdì gba tirẹ̀ bí ẹni gba ṣéńjì.
Nítorí náà, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè.
Nísàlẹ̀, níbi àwọn tó ń tẹ̀lé e, èmi,
lẹ́yìn mi Mọrẹ́nikéjì, ọmọ ọdún mẹ́fà.
Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku Kétu gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀,
ẹ wá wò mí lẹ́yìn rẹ̀, ó fọ̀já dè mí.

"Ṣé ó dùn ọ́?"
"Rárá o."
Irọ́ ni, àmọ́ kò tóbi.
Ó ní, "Ẹni tó mọ ibi tí odò ti jìn ni í ṣíwájú,
kì í ṣe ẹni tó gùn."

Odò wà lẹ́yìn ilé lóòótọ́, ó ti dì.
Amẹ́ríkà ni òdìkejì.
Bàbá arúgbó kan nílé iṣẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé
àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ náà ń fi Faransé gbàdúrà,
pé okùn ni wọ́n fà.
Ó ní òun kàn ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, òun ò lè fèsì.

Ìbéèrè kan kù: èdè tí ẹ ń sọ nílé. Ẹ mú ọ̀kan.
Ó gbé bírò sókè títí tíì fi tutù.
Ó kọ Yorùbá sí àpótí tó kéré jù,
ó fàmì sí i lórí,
ó ní bí ẹ̀rọ wọn ò bá gbà á, kí wọ́n pe òun.

Mo dìde, mo mú ṣọ́bìrì, mo ṣílẹ̀kùn.
"Nẹ́ẹ̀jì," mo sọ fún òkùnkùn.
Ọmọ tí a rò pé ó ti sùn
tún un ṣe láti yàrá.