Bọ́ọ̀lù Irin

Sàgírù ní kí n ra síkírínì ńlá yìí,
pé ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ilé mi ní Kúbwá lọ.
Mo ní fífẹ̀ kọ́. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnì,
ìgbà wo ni apá kékeré yẹn yóò gbọ́?
Ó rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ta ló máa mọ̀?"

Bàbá mi ni.
Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù irin ní kílọ́ọ̀bù rélùwéè Kàdúná
títí ọwọ́ òsì rẹ̀ fi ń ríran ṣáájú ojú.

Mo bá fi èyí tó fẹ̀ sílẹ̀,
mo kó owó lé káàdì àwòrán,
onífáànù méjì, tó wúwo lọ́wọ́ bí bíríkì,
àti síkírínì kékeré tí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Lálẹ́, bọ́ọ̀lù ń yọ̀ wálẹ̀ bí epo lórí àwo,
kò ta gìrì, kò dúró ronú lójú ọ̀nà.
Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ́tí.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ti Kàdúná,
bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ já sí kòtò,
ìdí la fi ń bẹ̀ ẹ́."

Kí n tó dáhùn, ó ti fi ìdí gbá tábìlì.
Tíì mi dà sórí rìsíìtì Sàgírù.