Inú Òkúta

Abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa ní ká máa gbé.
Inú òkúta, wọn ò sọ ọ́ fún wa.

Yàrá ìdánwò wa wà lọ́nà Ojéèrè,
páànù rẹ̀ ń jò lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí,
ẹ̀rọ ìtẹ̀ sì dúró láàárín bí àgbà tó ń bínú,
òróró ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.
Èmi Ṣóbándé ni mo ń nù ún, tí mo ń bẹ̀ ẹ́.

Fadérera gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé.
Ó ya òkúta sínú rẹ̀, ó ta àwọ̀n bò ó,
ojú àwọ̀n ẹgbàárùn-ún, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣirò tirẹ̀:
bí wọ́n bá tì mí, èmi náà á ti ẹnìkejì mi,
bí ẹnìkejì mi bá yẹ̀, n ó yẹ̀.
Kí iná tó lọ, ó ti rí ìdáhùn.
"Bí ìwọ̀n bá pé ogóje ni yóò fọ́, ọ̀gá, láàárín gan-an."

Mo ní kò burú.
Mo ti gé òkúta mẹ́sàn-án tí wọ́n kó wá láti Ọ̀dẹ̀dá,
mo rin orí wọn, mo rin ìdí wọn, wọ́n tẹ́jú bí àwo,
mo fi gúlùù lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ wọn níhà
bí ẹni ń fetí lé ikùn aboyún.

Àkọ́kọ́: ẹ̀rìndínlọ́gọ́rùn-ún.
Kò sì fọ́ láàárín. Igun ló ti ya, gbàgà!
Ìkejì, ọgọ́fà. Ìkẹta dún kí n tó ka ìwọ̀n rẹ̀.
Fadérera wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jí ìyókù jẹ.
"Ẹ̀rọ yín ti gbó."
"Ojú àwọ̀n tìrẹ ló fẹ̀ jù."
A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo rántí ìyá mi lẹ́bàá ọ̀nà Aró, òòlù lọ́wọ́,
òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ níwájú, owó agbọ̀n kan ò tó búrẹ́dì.
Kì í lu òkúta láìkọ́kọ́ kàn án pẹ́ẹ́, kó tẹ́tí.
"Èyí ní ọ̀rọ̀ nínú," á wí, á yí i padà,
á lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
á sì là bí ìwé tí a ṣí.

Mo sọ ọ́. Fadérera ò rẹ́rìn-ín.
Ó gbé èérún òkúta sábẹ́ máíkírósíkóòpù:
ìlà dúdú kan, kò nípọn tó irun ìpéǹpéjú,
ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dó sí ìlú yìí.
Aláǹgbá ti mọ̀ tipẹ́:
ibi tí ògiri bá gbé lanu lọ̀nà.

Lóru, jẹnẹrétọ̀ ń kígbe, ó tún àwọ̀n ta.
Ó sọ ojú rẹ̀ di wẹ́wẹ́ nígun yẹn, wẹ́wẹ́ sí i,
bí èyí tí wọ́n fi ń kó ọmọ ẹja lódò Ògùn,
ó fi ìlà dúdú náà sí i.
Èsì dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́: mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún.
"Ó ṣẹ́ ku méje," ni mo wí.
Ó yán. "Bóyá gúlùù yín ni. Bóyá ìṣirò mi.
Bóyá kò fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀."

Mẹ́fà ṣì wà lórí tábìlì.
Mo mú ọ̀kan, mo fi èékánná kàn án pẹ́ẹ́,
mo tẹ́tí.
Mi ò tíì mọ ohun tí mo gbọ́.