Ẹ̀wù Tí Kò Lápò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n bá Tófílì Adékàńbí
lórí àga ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ní Kétu níbí,
bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lábẹ́ igi ọsàn,
rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ikú ọ̀hún ti lé ní méje.
Àwọn ọlọ́kadà ẹnu Àkàbà ní májèlé ni,
inú ọtí tí wọ́n gbé wá láti Ìlárá ló wà.
Ìyá Rọsalí oníbúrẹ́dì ní ìyàwó kékeré ni,
ṣebí kò sunkún tó bó ṣe yẹ.
Olùkọ́ kan tí kò wo fíìmù rẹ̀ kankan rí
ní owó ni, owó iṣẹ́ àṣekẹ́yìn tí wọn ò san.
Ọmọdé kan bi mí bóyá ó tún máa dìde
bó ṣe dìde nínú sinimá èṣí.
Ìbéèrè tirẹ̀ nìkan ni n kò rí ẹnu dáhùn.

Dókítà wá láti Pọ́bẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé,
ó pa ìwé dé, ó wọ mọ́tò.
Ohun tí kò sọ ni gbogbo ìlú wá ń sọ.

Èmi ni mo ń ránṣọ fún un, ọdún mẹ́tàlélógún.
Kò sẹ́ni tó bi mí.
Ìgbà mọ́kànlá ló kú nínú fíìmù,
mọ́kànlá náà, èmi ni mo rán ẹ̀wù rẹ̀:
mo máa ń dá àpò kékeré sí abẹ́ ọmú òsì,
ibi tí wọ́n ń fi ọ̀rá omi pupa pamọ́ sí,
kí ẹ̀jẹ̀ lè mọ ọ̀nà bí ìbọn bá dún.
Ó kú ikú ọba. Ó kú ikú olè.
Ó kú ikú ọkọ burúkú tí àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ sí.
Tó bá délé, á gbé ẹ̀wù náà wá:
“Télọ̀, bá mi fọ ikú yìí kúrò lára aṣọ.”

Lọ́dún ìjẹta, ìbàdí rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.
Lẹ́ṣìí, mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.
Nígbà tí iṣu tuntun jáde, mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Mo wo ojú rẹ̀, ó wo ògiri.
“Fi àyè sílẹ̀ níbi ojú-rírán,” ó ní, “ẹran ara ń bọ̀.”
Mo fi àyè sílẹ̀.
Ṣé àìsàn ni? Ṣé àìjẹun ni? Ṣé ìrònú ni?
Téèpù mọ ìbàdí, kò mọ ìdí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀,
ó gbé aṣọ funfun wá, mítà mẹ́ta.
Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo mú ṣọ́ọ̀kì aláró,
mo ti fa ìlà kan sí àyà òsì bí ìṣe mi
kó tó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.
“Má dá àpò sí èyí.”
Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Bí mo bá sọ èyí lẹ́nu Àkàbà,
kó tó di alẹ́ yóò ti dé Ṣábẹ̀ẹ́: “Ó mọ̀!”
Kó tó di ọ̀la yóò ti dé Kútọnù: “Télọ̀ ló pa á.”
Ni mo bá to abẹ́rẹ́ sẹ́nu bí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn.
Ẹni tó to abẹ́rẹ́ sẹ́nu kì í sọ̀rọ̀.

Àmọ́ lóru, èmi náà ń dá ikú tèmi fún un.
Bóyá ó fẹ́ dín owó kù ni.
Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.
Bóyá ẹ̀wù tó máa jẹ́ tirẹ̀ ló kàn fẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré.
Ilẹ̀ á mọ́, ojú á tì mí:
kí ni mo fi sàn ju Ìyá Rọsalí lọ?

Aṣọ tí ọmọ rẹ̀ rà ní Kútọnù ni wọ́n fi sin ín.
Apá rẹ̀ gùn jù. Mo rí i, mo panu mọ́.
Èyí tó fi sílẹ̀ ṣì wà lórí ìkọ́, apá kan ni mo tíì rán,
ìlà ṣọ́ọ̀kì wà láyà òsì,
kékeré báyìí,
n kò tíì nù ún.