Àpò Kajú Mẹ́rin

Agogo mẹ́fà ààbọ̀, mo ti tan rédíò.
Ọkùnrin inú rẹ̀ ní ọrọ̀ ajé ti ń gbérí.
Mo yọjú lójú fèrèsé:
ewúrẹ́ Ìyá Olúmọdéjì ló gbérí,
ó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sẹ́yìn kànga.
Mo lé e. Mo padà wọlé. Ìròyìn ti parí.

Kajú wà nílẹ̀, àpò mẹ́rin,
mo fi tapólì bò ó ní kọ̀rọ̀ yàrá.
Oníkajú tó ń ti Kábà wá dá iye kan lé e lóṣù tó kọjá,
mo ní ó kéré.
Ó tún dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, iye náà ti wálẹ̀ sí i.
"Màmá, dọ́là ni."
Mo ní, "Ọmọ mi, dọ́là tó gbé owó epo bẹntiróòlù gòkè,
ṣé òun náà ló tún gbé owó kajú sọ̀kalẹ̀?
Irú àkàsọ̀ wo ló ń gùn?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó bu omi mu. Kò dáhùn.
Mo rò pé mo kọ́ bàbá rẹ̀ ní ìṣirò
nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.
Bàbá náà kò mọ ìyọkúrò.

Lẹ́yìn òkè ni oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà.
Kọfí ló gbìn síbẹ̀, nígbà tí kọfí ń kọ́lé,
kọfí yẹn ló rán mi lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́.
Mi ò dé ibẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án.
Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.
Ọlọ́runnípa ló lọ ká ata lọ́nà ibẹ̀,
ó lo ọjọ́ mọ́kànlá nínú igbó
lọ́wọ́ àwọn tí kò bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.
Iye tó tó ni wọ́n bi í.

A dá owó. Ṣọ́ọ̀ṣì dá, mọ́ṣáláṣí dá,
Ìyá Olúmọdéjì ta òbúkọ rẹ̀,
ọkọ èyí tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lé e lásán, tí mi ò sọ ọ́ lókùúta.
Opó bíi tèmi ni.

Ọlọ́runnípa padà dé. Ó ń rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀,
àfi bí ọ̀kadà bá dún lójijì, a di ògiri mú.
Rédíò kò dárúkọ rẹ̀.
Kò tilẹ̀ dárúkọ ìlú.

Lálẹ́ àná, Ẹbùn pè mí láti Àbújá:
"Màmá, mo fẹ́ wá ṣe Àjíǹde."
"Máa bọ̀" dé ẹnu mi, ó dúró síbẹ̀.
Ọ̀nà Lọ́kọ́ja yẹn, tírélà ti wa ihò sí i,
níbi ihò sì ni ọkọ̀ ti ń rọra,
níbi tí ọkọ̀ bá ti ń rọra ni wọ́n ń dúró sí.
Mo ní, "Jókòó síbẹ̀. Màá fi kajú ránṣẹ́."
Ó ní, "Màmá, kajú kọ́. Ojú yín ni."
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.
Tàbí èmi ni mo pa á. Ẹ má bi mí.

Láyé ìyá mi, "ọ̀kun" la fi ń kí ẹni tó ti oko dé,
ẹni tó ru omi, ẹni tó bímọ,
òun náà la fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.
Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi
pé ohùn ni yóò sọ èyí tó jẹ́ fún yín.
Láàárọ̀ yìí, lẹ́nu ẹ̀rọ omi, mo rí Ọlọ́runnípa.
Mo ní, "Ọ̀kun o."
Ó wò mí pẹ́, ó ń wá èyí tí mo ní lọ́kàn.
Èmi náà ń wá a.

Òjò ti ṣú lápá Mọ̀pà. Kajú kò gbọdọ̀ tutù.
Bí oníkajú bá dé lónìí, màá tà á,
iye yòówù kó dá.
Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́ yọ níbẹ̀.
Bó bá di dandan kí ẹnì kan gba ọ̀nà yẹn,
kó jẹ́ ẹni tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò tán.
Ẹ má sọ fún Ẹbùn.