Aṣọ Pẹpẹ

Èmi ni mò ń fọ aṣọ pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ébùúté-Mẹ́ta,
ọdún kọkànlélógún rè é:
búlúù díẹ̀, sítáàṣì díẹ̀,
mo lọ̀ ọ́ títí yóò fi dúró bí ìwé.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, òjò Agẹmọ borí gọ́tà,
omi wọlé àdúgbò, ó bá wọn lórí ẹní.
Wọ́n gbọ́mọ pọ̀n, wọ́n wá kanlẹ̀kùn wa.
Ìyàwó Kàmórù rọbí lórí bẹ́ǹṣì akọrin.
Kò sí aṣọ gbígbẹ kankan.
Mo ṣí àpótí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi mo kúnlẹ̀ níwájú Fíkà Oyèbádé:
"Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò lọ tán, sà.
Mo fi ọṣẹ dúdú, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́."
Ó wò ó, ó pẹ́.
Ó tẹ́ ẹ, ó kọ ojú àbàwọ́n sí ìjọ,
ó gbé ago lé e lórí.

Ìyá Ṣọ́rẹ̀mẹ́kún pòṣé lẹ́yìn;
ó fẹ́ kí nǹkan Olúwa funfun.
Èmi náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.
Àfi bí a ṣe dákẹ́ fún àdúrà,
tí ọmọ ọjọ́ méjì ké ní yàrá ẹ̀wù,
tí gbogbo wa ṣe Àmín
níbi tí kò sí nínú ìwé.